Wọ́n dá Habré lẹ́bi, ó kú sórí ẹ̀wọ̀n. Owó gbà-má-bínú àwọn tó dá lóró wá dà?

Àdùnní_Òṣogbo

Ẹ kú alẹ́ o, gbogbo ilé. Ọ̀rọ̀ yìí gùn díẹ̀, ẹ jọ̀ọ́ ẹ fara balẹ̀ kà á. Ọmọ àbúrò mi tó ń kọ́ ìmọ̀ òfin ló gbé iṣẹ́ ilé ìwé wá sílé lọ́jọ́ Sátidé, wọ́n ní kí wọ́n kọ nípa ẹjọ́ Hissène Habré, ẹni tó ṣe ààrẹ Chad láti 1982 títí di 1990. Mo ní kó máa kà á sí mi létí bí mo ṣe ń ṣa ẹ̀wà, kó tó kà á débì kan mo ti gbé ọpọ́n ẹ̀wà sílẹ̀. Ọkùnrin yìí ní àwọn ọlọ́pàá inú kan tí wọ́n ń pè ní DDS, wọ́n á wá gbé èèyàn lóru, ẹlòmíì ò ní padà wálé mọ́ láé. Ibi tí àwọn Faransé ti ń lúwẹ̀ẹ́ ní N'Djamena láyé ìjọba amúnisìn, wọ́n da kankéré bò ó lórí, wọ́n pín inú ẹ̀ sí yàrá yàrá, ó di ẹ̀wọ̀n abẹ́ ilẹ̀. La Piscine ni wọ́n ń pè é, ìyẹn ibi ìlúwẹ̀ẹ́. Ìgbìmọ̀ tí Chad gbé kalẹ̀ lẹ́yìn tó ti sá lọ jábọ̀ ní 1992, wọ́n fojú bù ú pé àwọn tó kú á tó 40,000.

Wọ́n padà dá a lẹ́jọ́. Ní Dakar ni, 30 oṣù May 2016, ẹ̀wọ̀n gbére. Wọ́n tún ní kó san owó gbà-má-bínú fún àwọn tó dá lóró. August 2021 ló kú, kòrónà ló pa á. Ọmọ yẹn wá kà á débi tí wọ́n ti sọ pé títí ọkùnrin náà fi kú, àwọn tó jàre ẹjọ́ ò tíì rí kọ́bọ̀ gbà nínú owó tí kọ́ọ̀tù Dakar ní kí wọ́n san yẹn.

Ohun tó jẹ́ kí n máa kọ èyí lóru nìyí: bàbá mi wà ní àtìmọ́lé oṣù mẹ́rin láyé ìjọba ológun, wọn ò gbé wọn dé kọ́ọ̀tù, wọ́n kàn tì wọ́n mọ́lé ni, etí ọ̀tún wọn ò sì gbọ́ràn mọ́ látìgbà náà. Nígbà tí àwọn alágbádá dé, wọ́n pẹjọ́, wọ́n jàre, adájọ́ ní kí wọ́n sanwó fún wọn. Kò sẹ́ni tó san án. Bàbá ti kú láti 2011. Ìwé ìdájọ́ náà ṣì wà nínú agolo bisikíìtì lábẹ́ bẹ́ẹ̀dì màmá mi, wọ́n fi káńfọ̀ sí i, wọ́n ti tú u wò tí wọ́n tún ká a padà débi pé ojú ibi tí wọ́n ń ká ti já, ìwé ọ̀hún ti di mẹ́rin.

Ìbéèrè mi ni pé, tí ẹjọ́ bá parí tí ẹni tó jìyà ò rí nǹkan kan mú délé, kí là ń pe ìyẹn?

Lọ́yà_Bódìjà

Àǹtí Àdùnní, ẹ kú ọ̀rọ̀ bàbá, Ọlọ́run á tẹ́ wọn sí afẹ́fẹ́ rere. Mo fẹ́ dáhùn ìbéèrè yín ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ n kọ́kọ́ sọ bí ẹjọ́ yẹn ṣe dé Dakar, torí inú ibẹ̀ ni ìdáhùn wà.

Ọkùnrin kan wà tó ń jẹ́ Souleymane Guengueng. Akáùńtáǹtì ni, ó ń bá àjọ tó ń bójú tó adágún Chad ṣiṣẹ́, àjọ tí Nàìjíríà náà wà nínú ẹ̀. 1988 ni wọ́n mú un. Ó lo ọdún tó ju méjì lọ níbẹ̀, àwọn tí wọ́n jọ ń sùn ń kú mọ́ ọn lẹ́gbẹ̀ẹ́, òun náà ṣàìsàn débi pé ẹ̀mí ẹ̀ fẹ́rẹ̀ẹ́ bọ́. Ó bá jẹ́jẹ̀ẹ́ níwájú Ọlọ́run pé tóun bá fi lè jáde láàyè, òun á jà fún àwọn tó kú. 1 December 1990, Idriss Déby lé Habré kúrò lórí oyè, ilẹ̀kùn ẹ̀wọ̀n ṣí. Ọkùnrin yìí ò lọ jókòó sílé. Ó ń lọ láti ojúlé dé ojúlé, ó ń bá àwọn opó àtàwọn tó bọ́ sọ̀rọ̀, ó ń kọ ohun tí ojú wọn rí sílẹ̀, títí tó fi ní àkọsílẹ̀ èèyàn 792. Àwọn DDS àtijọ́ ò sì lọ ibì kankan o, wọ́n wà nípò nínú ìjọba tuntun, torí ẹ̀ ló ṣe kó àwọn ìwé yẹn pa mọ́ sílé fún ọ̀pọ̀ ọdún, kò sí ibi tó lè gbé wọn lọ.

1998 ni wọ́n mú Pinochet, ẹni tó ti jẹ́ ààrẹ Chile, ní London lórí ìwé àṣẹ adájọ́ ilẹ̀ Spain. Ìgbà yẹn ni àwọn èèyàn Chad gbà pé ó ṣeé ṣe. Oṣù January 2000 wọ́n gbé àwọn ìwé Guengueng lọ sí Dakar, torí ibẹ̀ ni Habré sá lọ tó ń jayé orí ẹ̀. Adájọ́ kan fẹ̀sùn kàn án ní February, kí ọdún yẹn tó parí àwọn adájọ́ àgbà ti ní Sẹ̀nẹ̀gà ò láṣẹ láti gbọ́ ẹjọ́ ohun tó ṣẹlẹ̀ ní Chad. Wọn ò torí ẹ̀ sinmi, wọ́n gba Belgium lọ.

Ní 2001, Reed Brody tó ń bá Human Rights Watch ṣiṣẹ́, àjọ tó ń jà fún ẹ̀tọ́ ọmọnìyàn, wọ inú ilé DDS àtijọ́ ní N'Djamena, ilé tí wọ́n ti pa tì. Ìwé ló bá nílẹ̀ káàkiri yàrá, eruku bò wọ́n mọ́lẹ̀. Ìwé DDS fúnra wọn ni: orúkọ ẹni tí wọ́n mú, ọjọ́ tí wọ́n mú un, ọjọ́ tó kú. Nígbà tí wọ́n kà á tán, 1,208 ni orúkọ àwọn tó kú sí àtìmọ́lé, 12,321 ni gbogbo àwọn tí ọ̀rọ̀ kàn. Àwọn tó ń pààyàn ló fọwọ́ ara wọn kọ ẹ̀rí sílẹ̀.

Ẹ rí i pé ọ̀rọ̀ ìwé inú agolo màmá yín ò jìnnà sí èyí rárá.

Tọ́lá_Ekiti

Mò ń kà á o. Ẹ máa bá a lọ, sà.

Kúnlé_Mushin

Ẹ má bínú, ẹ̀yin èèyàn mi, mo máa sọ tinú mi. Mi ò bá ẹni tó jìyà jà, ọ̀rọ̀ Guengueng yẹn wọ̀ mí lára gan-an. Àmọ́ ta ló gbé Habré ró? Amẹ́ríkà àti Faransé ni, wọ́n ń fún un lówó, wọ́n ń fún un níbọn, torí wọ́n ń wá ẹni tó máa bá wọn dojú kọ Gaddafi ti Libya. Ní 1987 tí àwọn èèyàn ń kú nínú kànga kankéré yẹn, Reagan gbà á lálejò ní White House. Ta ló gbé ìyẹn lọ sí kọ́ọ̀tù? Gbogbo ìgbà tí wọ́n bá ti ní "òfin àgbáyé", ọrùn èèyàn dúdú ni mo máa ń rí okùn náà. Ẹ ka àwọn tí ICC, kọ́ọ̀tù ọ̀daràn àgbáyé, kọ́kọ́ ń kó lọ sí Hague ní Netherlands: Congo, Ivory Coast, Mali, Uganda. Tálákà ló kú, ọmọ tálákà ló gbé ìbọn, ẹni tó ta ìbọn ti lọ sùn sílé ẹ̀. Mi ò rí bí ìdọ́gba ṣe wà nínú ìyẹn.

Lọ́yà_Bódìjà

@Kúnlé_Mushin òótọ́ lẹ sọ, mi ò ní bo ó mọ́lẹ̀. Ìgbìmọ̀ 1992 náà kọ ọ́ sínú àbọ̀ wọn pé Amẹ́ríkà ran DDS lọ́wọ́, kò sì sí ará Amẹ́ríkà kankan tó jókòó ní àpótí ọ̀daràn. Ó dùn mí bó ṣe dùn yín.

Ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ ká yà wọ́n sọ́tọ̀. Ẹjọ́ yìí kì í ṣe ti ICC. ICC ò lè gbọ́ ọ rárá torí ohun tó bá ṣẹlẹ̀ láti 1 July 2002 síwájú nìkan ló láṣẹ lé lórí, Habré sì ti kúrò nípò láti 1990. Áfíríkà ló gbọ́ ẹjọ́ yìí. Sẹ̀nẹ̀gà àti AU, àjọ ìṣọ̀kan Áfíríkà, ló jọ dá ilé ẹjọ́ náà sílẹ̀, ará Burkina Faso ni adájọ́ tó ṣe olórí, Gberdao Gustave Kam, ọmọ Sẹ̀nẹ̀gà ni àwọn méjì tó bá a jókòó. Ìgbà àkọ́kọ́ nìyẹn tí kọ́ọ̀tù orílẹ̀-èdè kan máa dá ẹni tó ti jẹ́ olórí orílẹ̀-èdè míì lẹ́jọ́ lórí irú ẹ̀ṣẹ̀ yìí. Ti Hague ẹ̀wẹ̀, ẹ wo bó ṣe ń lọ báyìí: March 2023 wọ́n buwọ́ lu ìwé pé kí wọ́n mú Putin, November 2024 wọ́n ṣe ti Netanyahu, March 2025 wọ́n gbé Duterte ti Philippines dé ibẹ̀. Méjì àkọ́kọ́ ṣì wà nílé wọn, mo mọ̀. Ìyẹn ò tíì dọ́gba. Mo kàn ń sọ pé okùn yẹn ti ń nà jìnnà ju bó ṣe wà tẹ́lẹ̀ lọ.

Ẹni tó ṣe iṣẹ́ yìí jù náà kì í ṣe òyìnbó. Lọ́yà obìnrin kan wà, ọmọ Chad, Jacqueline Moudeina. 2001, òun àtàwọn obìnrin míì ń ṣe ìwọ́de wọ́ọ́rọ́wọ́ níwájú ilé iṣẹ́ aṣojú Faransé ní N'Djamena, ọlọ́pàá ju gírínéèdì sí wọn, ó bà á lẹ́sẹ̀. Ọ̀kan lára àwọn tó jẹ́ ọ̀gá nínú DDS láyé Habré ni wọ́n ló darí àwọn ọlọ́pàá lọ́jọ́ yẹn. Ó lọ tọ́jú ẹsẹ̀, ó padà sẹ́nu iṣẹ́. Irin gírínéèdì wà lára ẹ̀ nígbà tó ń bá àwọn opó yẹn rojọ́.

Kúnlé_Mushin

Mo gbà, ẹ̀gbọ́n. Ti obìnrin yẹn, mi ò mọ̀ tẹ́lẹ̀. Àmọ́ ọ̀rọ̀ mi lórí Amẹ́ríkà àti Faransé, ó ṣì wà níbi tó wà.

Lọ́yà_Bódìjà

Kó wà níbẹ̀. Kò yẹ kẹ́ ẹ mú un kúrò.

ỌmọKétu

Ẹ kú ìjíròrò. Kétu ní ilẹ̀ Benin ni mo ti ń kọ̀wé, àmọ́ Dakar ni mo wà ní 2015, òwò aṣọ ni mò ń ṣe níbẹ̀, mo sì wọ kọ́ọ̀tù yẹn lẹ́ẹ̀mejì torí wọ́n gba ará ìlú láàyè kó wọlé wá jókòó.

Ẹ jẹ́ n sọ ohun tí mo fojú mi rí. Wọ́n gbé Habré wọlé, ó wọ agbádá funfun, ó fi láwàní wé orí títí wá dé àgbọ̀n, ó fi awò dúdú bojú. Imú ẹ̀ nìkan ló hàn. Ó jókòó síwájú, àwọn ẹ̀ṣọ́ yí i ká. Ní July tí wọ́n kọ́kọ́ bẹ̀rẹ̀ ó pariwo, ó bú wọn, ó ní òun ò mọ kọ́ọ̀tù wọn sí nǹkan kan, àwọn lọ́yà ẹ̀ ò yọjú, wọ́n wá fún àwọn lọ́yà tuntun láyè dìgbà tó di September. Ìgbà tí wọ́n padà dé, ńṣe ni wọ́n gbé e wọlé tipátipá. Látìgbà náà kò sọ̀rọ̀ mọ́. Àwọn ẹlẹ́rìí tó lé ní 90 ló wá sọ̀rọ̀, kò dá ẹyọ ẹnì kan lóhùn. Mo jókòó tì í lẹ́yìn bí ìlà mẹ́fà, ọkùnrin kan ń fi èdè Lárúbáwá ti Chad ṣàlàyé bí wọ́n ṣe dè é lápá àti ẹsẹ̀ pọ̀ sẹ́yìn, ògbufọ̀ ń túmọ̀ ẹ̀ sí Faransé, ohùn ògbufọ̀ náà há ní ibì kan, ó dákẹ́ díẹ̀ kó tó máa bá a lọ. Habré ò mira. Nígbà tí mo jáde síta oòrùn ń ràn, mo dúró níbẹ̀ fún ìgbà pípẹ́ mi ò mọ ibi tí mo fẹ́ gbà.

Ohun kan tún wà tí ẹ̀yin ará Nàìjíríà á fẹ́ mọ̀. Abuja wà nínú ẹjọ́ yìí. Habré fúnra ẹ̀ ló gbé Sẹ̀nẹ̀gà lọ sí kọ́ọ̀tù ECOWAS tó wà ní Abuja, ó ní òfin tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ ṣe ò yẹ kó mú ohun tó ti kọjá. November 2010, kọ́ọ̀tù ECOWAS ní òótọ́ ni, kọ́ọ̀tù Sẹ̀nẹ̀gà lásán ò lè dá a lẹ́jọ́, àfi kí wọ́n dá kọ́ọ̀tù pàtàkì kan tó jẹ́ ti àgbáyé sílẹ̀. Ó rò pé òun ti bọ́. Ọ̀nà tí kọ́ọ̀tù yẹn là sílẹ̀ náà ni wọ́n padà gbé ẹjọ́ ẹ̀ gbà. Wade tó jẹ́ ààrẹ Sẹ̀nẹ̀gà nígbà yẹn ti fi ọ̀rọ̀ yẹn falẹ̀ fún ọdún púpọ̀, AU ti sọ fún Sẹ̀nẹ̀gà láti 2006 pé kí wọ́n dá a lẹ́jọ́ lórúkọ Áfíríkà. Ìgbà tí Macky Sall gorí oyè ní 2012 ló yá, Belgium sì ti gbé Sẹ̀nẹ̀gà lọ sí ilé ẹjọ́ àgbáyé tó ń gbọ́ ẹjọ́ láàárín orílẹ̀-èdè, 20 July 2012 wọ́n ní kí wọ́n yan ọ̀kan: ẹ dá a lẹ́jọ́ tàbí kẹ́ ẹ fà á kalẹ̀ fún ẹni tó máa dá a. Ó di 30 June 2013 kí wọ́n tó mú un.

Ìyá_Tóbi

Ọ̀rọ̀ àwọn obìnrin ni mo fẹ́ sọ, torí mo rí i pé gbogbo wa ń sọ nípa adájọ́ àti ìwé.

Nọ́ọ̀sì ni mí, mo máa ń gbọ́ irú ọ̀rọ̀ yìí lẹ́nu iṣẹ́, mo mọ bó ṣe ń pẹ́ tó kí obìnrin tó lè la ẹnu sọ ọ́. Àwọn obìnrin kan wà tí DDS kó láti N'Djamena lọ sí Ouadi-Doum, ibùdó ológun nínú aṣálẹ̀ lápá àríwá Chad, kí wọ́n lọ máa dáná kí wọ́n máa fọṣọ fún ṣọ́jà, àwọn ṣọ́jà yẹn sì ń fipá bá wọn sùn. Àwọn tí ọjọ́ orí wọn ò tíì ju ti ọmọ ilé ìwé lọ wà nínú wọn. Wọ́n padà sílé, wọn ò sọ fún ẹnì kankan. Ọdún 25 ó lé. Ó wá di ọjọ́ kan ní Dakar, wọ́n dìde lọ́kọ̀ọ̀kan wọ́n sọ ọ́ níwájú ẹ̀. Ọ̀kan nínú wọn, Kaltouma Deffalah, sọ fún kọ́ọ̀tù pé inú òun dùn, ara òun le, pé òun ló ń sọ̀rọ̀ báyìí, ọkùnrin tó lágbára nígbà kan ló wá jókòó tó dákẹ́. Mo ka ibẹ̀ mo sunkún.

Khadidja Hassan Zidane ní Habré alára ló fipá bá òun lò. Kọ́ọ̀tù àkọ́kọ́ gbà á gbọ́, wọ́n dá Habré lẹ́bi lórí ẹ̀. Nígbà tó di kọ́ọ̀tù kòtẹ́milọ́rùn ní 27 April 2017, wọ́n yọ ẹ̀sùn yẹn kúrò. Ẹ̀wọ̀n gbére ò yí padà, àwọn ẹ̀sùn yòókù dúró, àmọ́ ti obìnrin yẹn, wọ́n yọ ọ́. Kí ló dé? Obìnrin náà fi orúkọ ara ẹ̀ àti ojú ara ẹ̀ síta fún gbogbo ayé, ó padà sí N'Djamena, àwọn èèyàn ń pè é ní orúkọ tí mi ò lè kọ síbí.

Lọ́yà_Bódìjà

Mà, ẹjọ́ ni mo máa fi ṣàlàyé, mi ò ní fi tù yín nínú. Ẹ̀sùn yẹn ò sí nínú ìwé ẹ̀sùn tí wọ́n fi bẹ̀rẹ̀ ìgbẹ́jọ́. Ẹnu ẹ̀rí ló ti jáde. Òfin ní ẹni tí wọ́n bá fẹ́ dá lẹ́bi gbọ́dọ̀ ti mọ ohun tí wọ́n ń bi í kí ìgbẹ́jọ́ tó bẹ̀rẹ̀. Àwọn adájọ́ kòtẹ́milọ́rùn, ará Mali ni olórí wọn, Ougadeye Wafi, wọ́n là á mọ́lẹ̀ pé àwọn ò sọ pé obìnrin náà purọ́, ọ̀nà tí ẹ̀sùn gbà wọlé ni ò bófin mu.

Ibi tí mo ti fara mọ́ yín nìyí: kí ló dé tí kò fi sí nínú ìwé ẹ̀sùn? Torí nígbà tí wọ́n ń ṣe ìwádìí, ìdálóró àti ìpànìyàn ni wọ́n gbájú mọ́. Ọ̀rọ̀ obìnrin ni wọ́n máa ń bi léèrè gbẹ̀yìn. Bó ṣe rí ní Rwanda náà nìyẹn, nínú ẹjọ́ Akayesu, olórí ìlú kan nígbà ìpakúpa 1994, tí wọ́n dá ní 1998, ìfipábánilòpọ̀ ò sí nínú ìwé ẹ̀sùn níbẹ̀rẹ̀, àfìgbà tí obìnrin kan dúró lórí ibi ìjẹ́rìí tó mẹ́nu bà á, Navanethem Pillay tó jẹ́ obìnrin kan ṣoṣo láàárín àwọn adájọ́ mẹ́ta sì bi í ní ìbéèrè síwájú sí i. Ibẹ̀, ìgbẹ́jọ́ ṣì ń lọ nígbà tí wọ́n tún ìwé ẹ̀sùn ṣe. Ní Dakar wọn ò tún un ṣe.

Ìyá_Tóbi

Ẹ ṣé tẹ́ ẹ ṣàlàyé. Ó ṣì ń dùn mí.

Ẹ sì tún rántí 2020, ìgbà tí kòrónà bẹ̀rẹ̀, wọ́n fún Habré láyè kó lọ sílé fún ọgọ́ta ọjọ́ kí àìsàn má bàa mú un ní ẹ̀wọ̀n. Àwọn tó bọ́ nínú La Piscine, ibi tí wọ́n ti ń fi èèyàn àti òkú sínú yàrá kan náà, wọ́n jókòó sí N'Djamena wọ́n ń gbọ́ ọ lórí rédíò.

Tọ́lá_Ekiti

Ẹ̀yin àgbà, mo ní ìbéèrè. Ṣé gbogbo kọ́ọ̀tù báyìí ló máa ń ní kí wọ́n sanwó fún ẹni tó jìyà? Torí Charles Taylor, ààrẹ Liberia tẹ́lẹ̀, tí Nàìjíríà gbà sí Calabar láti 2003 sí 2006, mi ò gbọ́ ọ̀rọ̀ owó kankan nínú ẹjọ́ tiẹ̀.

Lọ́yà_Bódìjà

Ìbéèrè gidi. Rárá, kì í ṣe gbogbo wọn. 30 May 2012 ni wọ́n rán Taylor lẹ́wọ̀n 50 ọdún, ó bá ọjọ́ tí wọ́n dá Habré lẹ́bi mu, ọdún mẹ́rin péré ló wà láàárín wọn. Àmọ́ kọ́ọ̀tù tó dá a lẹ́jọ́, tí wọ́n gbé kalẹ̀ lórí ogun Sierra Leone, ò ní àṣẹ láti ní kí wọ́n san owó gbà-má-bínú fún ẹnì kankan. Àwọn tí wọ́n gé lọ́wọ́ wá jẹ́rìí, wọ́n fi apá tó ṣẹ́ kù bo ojú sunkún níwájú adájọ́, wọ́n padà sí Freetown. Kọ́ọ̀tù tó gbọ́ ẹjọ́ ìpakúpa Rwanda ní Arusha náà bẹ́ẹ̀. Láti Nuremberg, níbi tí wọ́n ti dá àwọn Nazi ti Jámánì lẹ́jọ́ lẹ́yìn ogun àgbáyé kejì, ni wọ́n ti kọ́ òfin yìí bíi pé ìjọba àti ọ̀daràn nìkan ló ń jà, ẹni tí wọ́n ṣe é fún kàn jẹ́ ẹlẹ́rìí.

ICC ló yí i padà. Wọ́n ní àpò owó kan fún àwọn tó jìyà. Bíi ti Timbuktu ní Mali, Al Mahdi tó wó ibojì àwọn ẹni mímọ́ wọn lulẹ̀, 2016 ni wọ́n rán an lẹ́wọ̀n ọdún mẹ́sàn-án, ọdún tó tẹ̀ lé e wọ́n ní gbèsè tó wà lọ́rùn ẹ̀ jẹ́ mílíọ̀nù 2.7 yúrò. Kò ní in, àpò yẹn ló ń wá a. Kọ́ọ̀tù Dakar náà tẹ̀ lé ọ̀nà yẹn.

Kúnlé_Mushin

Ó dáa, ẹ jẹ́ ká ka owó náà. Èló, ta ló yẹ kó san án, kí ló dé tí wọn ò san án?

Àdùnní_Òṣogbo

Èmi àti ọmọ yẹn ti jókòó tì í láti àná, ẹ jẹ́ n kọ ọ́ bá a ṣe rí i.

Kọ́ọ̀tù Dakar ní kí ẹni tí wọ́n fipá bá lò gba mílíọ̀nù 20 CFA, ẹni tí wọ́n tì mọ́lé tí wọ́n dá lóró gba 15, ará ilé ẹni tó kú gba 10. Nígbà tí kòtẹ́milọ́rùn kà á pọ̀, èèyàn 7,396, bílíọ̀nù 82.29 CFA. Ọrùn Habré ni gbèsè náà wà. Ìgbìmọ̀ 1992 sọ pé ó palẹ̀ owó ìjọba mọ́ kó tó sá lọ, àmọ́ ìwọ̀nba ni ohun ìní ẹ̀ tí wọ́n rí dì mú ní Dakar, kò tó ibì kan. AU ní àwọn máa gbé àpò owó kalẹ̀ tí wọ́n á fi máa wá ìyókù. Àpò náà wà lórí ìwé.

Ẹ tún gbọ́ èyí, torí èmi ò mọ̀ ọ́n tẹ́lẹ̀: ẹjọ́ kejì wà. March 2015, kọ́ọ̀tù ní N'Djamena fúnra ẹ̀ rán àwọn ọmọ iṣẹ́ DDS bí ogún lẹ́wọ̀n, wọ́n ní bílíọ̀nù 75 CFA, kí ìjọba Chad san ìdajì, kí àwọn ọ̀daràn san ìdajì. Wọ́n tún ní kí ìjọba kọ́ ohun ìrántí fún àwọn tó kú, kí wọ́n sì sọ ilé DDS di ibi tí èèyàn á ti máa wá wo ohun tó ṣẹlẹ̀. Ọdún ń gorí ọdún, kò sí èyí tí wọ́n ṣe. Ìgbà tó di 2024 ni ìjọba Chad tó gbé bílíọ̀nù 10 síta, tí wọ́n pín in fún àwọn tó lé ní ẹgbẹ̀rún mẹ́wàá, kálukú gba bí 900,000 CFA ó lé díẹ̀.

Ẹni tí wọ́n ní kó gba mílíọ̀nù 15, ohun tó bọ́ sí i lọ́wọ́ ò tó ìdá mẹ́wàá. Ọ̀pọ̀ wọn ti kú kó tó dé. Nígbà tí ọmọ yẹn kà á jáde, màmá mi tó ti ń tòògbé nínú àga dáhùn, wọ́n ní, "Àwọn yẹn tiẹ̀ rí nǹkan."

ỌmọKétu

Ọ̀rọ̀ màmá yín wọ̀ mí lára.

Mo fẹ́ sọ ohun kan sí ìbéèrè tẹ́ ẹ kọ́kọ́ béèrè. Lọ́jọ́ 30 May 2016 yẹn mo wà níta kọ́ọ̀tù. Nígbà tí adájọ́ Kam pe ẹ̀wọ̀n gbére, àwọn opó inú kọ́ọ̀tù figbe ayọ̀ ta, a gbọ́ ọ níta. Wọ́n jáde wọ́n ń dì mọ́ra wọn. Nígbà yẹn kò sẹ́ni tó tíì sọ iye owó kankan, oṣù July ni wọ́n tó sọ ọ́. Torí náà èmi ò lè sọ pé òfo ni ohun tí wọ́n rí gbà lọ́jọ́ yẹn. Mo rí ojú wọn.

Lọ́yà_Bódìjà

Òótọ́ ni, ẹ̀gbọ́n, mi ò sì ní gbà á lọ́wọ́ wọn. Àmọ́ àwọn opó yẹn kan náà ló tún ń ṣe ìwọ́de ní N'Djamena lẹ́yìn ìgbà yẹn, pátákó lọ́wọ́, wọ́n ń béèrè owó. Ẹni tí wọ́n pa ọkọ ẹ̀ ní 1984, òun ló rán àwọn ọmọ níléèwé tàbí kò rán wọn. Ilé tí DDS gbà lọ́wọ́ wọn, ẹlòmíì ló ń gbé ibẹ̀. Òṣì tí Habré sọ wọ́n sí ò bá a lọ sẹ́wọ̀n. Ìdí nìyẹn tí mo fi ń sọ pé ìdajì ni kọ́ọ̀tù ṣe, Àǹtí Àdùnní, ìdajì kejì wà lọ́rùn ìjọba Chad àti AU, kò sì tíì pẹ́ jù. Àwọn orílẹ̀-èdè tó dá owó fún ìgbẹ́jọ́ yẹn rí owó san fún adájọ́ àti ògbufọ̀, mílíọ̀nù yúrò mẹ́jọ ó lé. Tí wọ́n bá lè rí ìyẹn, wọ́n lè rí ti àwọn opó.

Ẹ jẹ́ n béèrè nǹkan kan lọ́wọ́ yín, Àǹtí. Ìwé bàbá yín yẹn, ṣé nọ́ńbà ẹjọ́ ṣì hàn lórí ẹ̀? Òǹtẹ̀ kọ́ọ̀tù ńkọ́?

Àdùnní_Òṣogbo

Mo ṣẹ̀ṣẹ̀ lọ gbé e. Mo tò ó sórí tábìlì, mẹ́rẹ̀ẹ̀rin. Nọ́ńbà náà hàn, méjì tó kẹ́yìn nìkan ló ti ṣá. Òǹtẹ̀ pupa wà nísàlẹ̀ lápá ọ̀tún, orúkọ bàbá mi hàn dáadáa.

Lọ́yà_Bódìjà

Ẹ má fi sẹ́lótéèpù lẹ̀ ẹ́ o, á ba ọ̀rọ̀ tó wà lórí ẹ̀ jẹ́. Ẹ yà á ní fọ́tò bó ṣe wà yẹn, iwájú àti ẹ̀yìn. Lẹ́yìn náà ẹ lọ sí ọ́fíìsì akọ̀wé kọ́ọ̀tù tó dá ẹjọ́ náà, ẹ fún wọn ní nọ́ńbà yẹn, ẹ ní ẹ fẹ́ kọ́pì tí wọ́n lu òǹtẹ̀ lé, ìyẹn ló lágbára lábẹ́ òfin.

Mi ò ní purọ́ fún yín pé ó rọrùn. Ìdájọ́ tó ti pẹ́ tó báyìí, ẹ máa kọ́kọ́ gba àyè lọ́wọ́ kọ́ọ̀tù kẹ́ ẹ tó lè ní kí wọ́n mú un ṣẹ, ẹ sì tún máa gba ìwé pé ẹ̀yin lẹ dúró fún bàbá. Owó ìjọba tó wà ní báńkì, òfin wa ní kọ́ọ̀tù ò lè fọwọ́ kàn án àfi tí agbẹjọ́rò àgbà ìjọba bá fọwọ́ sí i, ìyẹn gan-an ló ń pa ọ̀pọ̀ irú ìwé yìí sínú agolo káàkiri Nàìjíríà. Àmọ́ ó ṣeé béèrè. Mo máa bá yín kọ lẹ́tà àkọ́kọ́, ẹ ò ní san nǹkan kan.

Ìyá_Tóbi

Òṣogbo lèmi náà wà, àǹtí. Tẹ́ ẹ bá ń lọ sí kọ́ọ̀tù yẹn, ẹ jẹ́ n bá yín lọ. Mi ò kì í ṣiṣẹ́ lọ́jọ́ Mọ́ńdè.

Àdùnní_Òṣogbo

Ẹ ṣé, gbogbo yín. Mo ti ya fọ́tò ẹ̀. Màmá mi ní kí n má gbé ojúlówó kúrò nílé, mo ní kọ́pì la fẹ́ lọ gbà. Wọ́n tún fi káńfọ̀ tuntun sínú agolo. Ọjọ́ Mọ́ńdè, aago mẹ́sàn-án àárọ̀, Ìyá Tóbi, ẹ máa bá mi lẹ́nu géètì.